Lẹ́tà ṣíṣí sí Nigerian Academy of Science: Irọ́ ń sọ Yorùbá, ẹ má jẹ́ kí òótọ́ dúró sórí Gẹ̀ẹ́sì

Sí Ààrẹ àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ Nigerian Academy of Science, ní Akọkà, Èkó.

Ẹ̀yin àgbà wa nínú ìmọ̀, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Olùkọ́ ni mí. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń jókòó pẹ̀lú àwọn ìyá ọjà àdúgbò wa lábẹ́ àtíbàbà, tí a jọ ń sọ̀rọ̀ nípa ìlera àti oúnjẹ. Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín ni ìpinnu tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2025. Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, sọ ní Àbújá pé a ti fagi lé ìlànà èdè tí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022, èyí tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì.

Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn yóò kọ̀wé sí mínísítà. Ẹ̀yin ni mo kọ tèmi sí, nítorí pé láti ọdún 1977 tí a ti dá ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ ni ẹ ti gbà á ní iṣẹ́ yín láti máa gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì, kí ẹ sì máa jẹ́ kí ará ìlú mọ ohun tí sáyẹ́ǹsì lè ṣe fún wọn. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ, gbogbo ìyókù lẹ́tà yìí ẹ̀rí rẹ̀ ni: ìmọ̀ tí a kò bá fi èdè tí ènìyàn fi ń ronú bá a sọ kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin ló sì yẹ kí ẹ ṣáájú àwọn tó ń gbé e dé ibẹ̀.

1. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí omi iyọ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014 ni ọkùnrin kan gbé àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó láti Làìbéríà. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lóru káàkiri ilẹ̀ yìí: ẹ fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, ẹ mu nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá yín. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí n tó jí, ó ti mu odidi ife kan tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pè é láti Òkè-Ògùn, tó fi Yorùbá tó dán mọ́rán ṣàlàyé fún un bí iyọ̀ ṣe ń lé àrùn jáde lára, tó ka iye ṣíbí tí yóò bù, tó sì fi àdúrà kún un. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn kan kò ríbi gbà á sí: ìròyìn tó jáde lọ́sẹ̀ náà sọ pé ó kéré tán ènìyàn 2 kú nítorí omi iyọ̀ yìí, a sì gbé àwọn mìíràn lọ sí ilé ìwòsàn.

Mo kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ pé irọ́ ni. Inú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti rí i, nígbà tí oòrùn ti kan àtàrí. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá náà, kò sì gbà mí gbọ́ títí di alẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ létí ní èdè ìyá wọn, tèmi sì dà bí ohun tí mo kà nínú bébà. Àwọn baba wa sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Mo gba òwe náà gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹjọ́ àti ti ìtàn. Ẹni tó gbé ife omi iyọ̀ sẹ́nu lóru kò ní ogún ọdún láti fi dúró de òótọ́.

N kò gbàgbé pé orílẹ̀-èdè wa ja ìjà yẹn ní àjàborí. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 ló kú, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn dókítà wa fi ẹ̀mí wọn dí i, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh wà lára wọn. Ìdí gan-an nìyí tó fi dùn mí pé a rí ènìyàn tó lè kú nítorí wa, a kò rí ẹni tí yóò bá ìyá wa sọ̀rọ̀ ní Yorùbá lóru ọjọ́ náà.

2. Mo wá sórí ìpinnu ọdún 2025. Ìdí tí mínísítà fún wa ni pé ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti fi èdè abínibí kọ́ ọmọ, ibẹ̀ ni ìkùnà ti pọ̀ jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB láti nǹkan bí ọdún 15 sẹ́yìn. Ẹ̀yin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ẹ ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yín láti tú palẹ̀ kí wọ́n tó gbà á. Ohun méjì lè jọ máa rìn láìjẹ́ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ṣé kì í ṣe ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbègbè yẹn náà ni àwọn ọmọ tí kò sí nílé ẹ̀kọ́ ti pọ̀ jù, tí àwọn agbébọn ti ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ nínú yàrá ìsùn wọn, tí olùkọ́ kan ti ń dá dúró níwájú kíláàsì tó kún dé ẹnu ọ̀nà? Ta ló yọ ìwọ̀nyí kúrò nínú ìṣirò kó tó di pé a dá èdè lẹ́bi?

Ẹ tún wo ọdún rẹ̀. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí a fọwọ́ sí ìlànà 2022 kò lè jókòó ṣe WAEC ṣáájú ọdún 2034. A kò lè fi èsì ìdánwò tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe dá ìlànà kan lẹ́jọ́. Lóòótọ́, Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1977, tí òun àti ẹgbẹ́ yín jẹ́ ọmọ ọdún kan náà, ti sọ pé kí a fi èdè ìyá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ti di ṣọ́ọ̀kì mú ní ilẹ̀ yìí mọ̀ pé orí ìwé ni ó wà ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Èmi fúnra mi ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń so pátákó mọ́ ọmọ lọ́rùn nítorí pé ó sọ Yorùbá ní kíláàsì. Bí mínísítà bá fẹ́ sọ pé èdè abínibí ba ẹ̀kọ́ jẹ́, ó yẹ kó kọ́kọ́ fi ilé ẹ̀kọ́ tí a ti lò ó bó ṣe yẹ hàn wá.

Ẹ̀rí kan wà tí a kò ní láti lọ sí òkè òkun fún. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ọmọ kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, tí olùkọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè. Àwọn kejì fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì bí a ṣe ń ṣe é níbi gbogbo. Nígbà tí wọ́n wọn ìmọ̀ wọn, àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà ló ṣe dáadáa jù, títí kan ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, pé a fún àwọn olùkọ́ náà ní ẹ̀kọ́ àkànṣe, pé ìwé wọn pé lọ́wọ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a tún ìwádìí náà ṣe kí a tó fagi lé ohunkóhun. Ṣé ẹ ti béèrè fún àkọsílẹ̀ tí mínísítà gbé ìpinnu rẹ̀ lé? Bí ẹ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ni ẹ rí níbẹ̀? Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo ń bi yín ní gbangba nìyí.

3. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àlá lásán ni mò ń lá, mo fẹ́ rán yín létí sòbìà.

Mo rí i ní kékeré ní abúlé bàbá mi. Kòkòrò tó gùn tó nǹkan bí mítà kan a máa gbé inú ènìyàn fún ọdún kan gbáko, lẹ́yìn náà a ya ẹsẹ̀ jáde, a ó máa yí i mọ́ igi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kó má baà já sínú ara. Àgbẹ̀ tí sòbìà mú nígbà ìkórè ti pàdánù ọdún yẹn. Nígbà tí wọ́n wá a ní abúlé dé abúlé ní nǹkan bí ọdún 1988 sí 1989, àwọn tó ní in ní Nàìjíríà lé ní 650,000, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn lágbàáyé tí tirẹ̀ pọ̀ tó tiwa nígbà náà. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún sòbìà títí di òní. Kò sí oògùn tó ń pa á nínú ara. Ohun tó ṣẹ́gun rẹ̀ ni pé ará ìlú lóye bó ṣe ń wọ ara: pé ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ tó bá wọ odò, ọmọ sòbìà yóò dà sínú omi, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ inú omi yóò gbé e mì, ẹni tó bá sì mu omi náà láìsẹ́ ẹ ti gbé ti ọdún tó ń bọ̀ mì. Wọ́n fi oògùn sí àwọn odò kan, wọ́n gbẹ́ kànga, ṣùgbọ́n asẹ́ aláṣọ ni ohun ìjà tó dé ilé gbogbo, asẹ́ kò sì wúlò lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ohun tó ń sẹ́.

Ní Ìdèrè, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn bá a ní àwọn ọdún 1980 pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú ara ni sòbìà ti ń wá, pé ó dà bí iṣan tí a dá mọ́ni, tó kàn ń jáde nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀, kí ni yóò fi asẹ́ ṣe? Ìwé àlẹ̀mógiri tó dára jù lọ kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí pé ìbéèrè tí ìwé náà ń dáhùn kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn olùwádìí náà ní láti jókòó, kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìdèrè ní èdè wọn, kí wọ́n tó mọ ibi tí àlàyé yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn télọ̀ inú ìlú ló rán asẹ́ náà, àwọn ará ìlú tí a kọ́ ní ìtọ́jú ìlera ló sì ń gbé e kiri tà. Ẹni tó ń ta asẹ́ àti ẹni tó ń rà á jọ ń pọn omi lódò kan náà ni.

Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni tí sòbìà mú kẹ́yìn ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní oṣù kejìlá ọdún 2013 pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ekanem Braide, obìnrin àkọ́kọ́ tó di Ààrẹ ẹgbẹ́ yín ní ọdún 2021, wà lára àwọn tó bá sòbìà jà títí ó fi lọ. N kò ní láti kọ́ yín, nígbà náà. Ẹ ní ẹlẹ́rìí láàárín ara yín pé bí ará ìlú bá lóye, ó lè ṣe ohun tí oògùn kò lè ṣe. Kí ló dé tí ọgbọ́n tí a fi lé sòbìà lọ kò di ìlànà iṣẹ́ yín lórí gbogbo nǹkan yòókù?

4. Wọ́n á ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣe sáyẹ́ǹsì. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún, mo sì fẹ́ dá a lóhùn ní kúkúrú. A ní sòbìà, a ní rọpárọsẹ̀, a ní onígbáméjì, a ní àtọ̀gbẹ, a ní òjé. Ibi tí a kò bá ti ní, a lè yá: Gẹ̀ẹ́sì yá virus lọ́wọ́ Látìn, kò sì sí ẹni tó sọ pé Gẹ̀ẹ́sì kò tó èdè. Àwọn onímọ̀ èdè wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣíwájú wọn, ti fi hàn láti àwọn ọdún 1980 bí a ṣe ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ka ìmọ̀ kan, tó péye. Ní ọdún 2021, àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ Masakhane, tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní àwọn èdè Áfíríkà, àti AfricArXiv, ibi tí a ń kó ìwé ìwádìí Áfíríkà sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kéde pé àwọn yóò túmọ̀ ìwé ìwádìí 180 sí èdè Áfíríkà mẹ́fà, Yorùbá wà nínú rẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ rí ibi tí ó ti pẹ́, ní ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà, àwọn òǹkọ̀wé sáyẹ́ǹsì dá ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní KSSP sílẹ̀ ní ọdún 1962, kí wọ́n lè máa fi èdè Malayalam ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì fún ará ìlú wọn. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n. Àwọn tó ní ìmọ̀ náà ni wọn kò tíì pinnu láti sọ ọ́.

5. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ṣọ́ra níbí yìí, nítorí pé bí ẹ bá gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì yín fún atúmọ̀ èdè kan, tí ẹ sì ní ó ti parí, ẹ kò tíì ṣe ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ní ọdún 1985, Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ wọn, gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde, èyí tí Walter Bodmer jẹ́ alága rẹ̀, tó sọ pé ojúṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni láti máa bá ará ìlú sọ̀rọ̀, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní COPUS sílẹ̀ fún un. Èrò wọn ni pé bí ìlú bá ti mọ̀ sí i, yóò fọkàn tán àwọn sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1990, nígbà tí àrùn màlúù asínwín ń da ìlú láàmú, mínísítà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ wọn, John Gummer, fún ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ní ẹran bọ́gà níwájú àwọn akọ̀ròyìn láti fi hàn pé kò séwu. Ní oṣù kẹta ọdún 1996, ìjọba wọn jáde wá sọ pé ó ṣeé ṣe kí ẹran náà ti kó àrùn ọpọlọ ran ènìyàn. Nígbà tí ilé aṣòfin àgbà wọn yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ọdún 2000, ohun tí wọ́n rí ni pé ìgbẹ́kẹ̀lé ti yẹ̀, àti pé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni ìlú ń fẹ́, kì í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti òkè wá sílẹ̀. Wọ́n tú COPUS ká ní ọdún 2002.

Àwa náà ti san owó ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Àríwá, Kano ṣíwájú wọn, dá oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró nítorí àhesọ pé ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Kòkòrò àrùn tó ráyè láti ibẹ̀ rìn dé Indonesia ní ọdún 2005, ó sì di ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 kí a tó kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ irú kòkòrò rọpárọsẹ̀ tó ń tàn kálẹ̀ fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe èyí tó ti ara oògùn àjẹsára wá. Àwọn ọba, àwọn àlùfáà mùsùlùmí àti àwọn ìyá ọmọ ló yí ọkàn ìlú padà nígbẹ̀yìn.

Mo rí irú rẹ̀ kékeré lábẹ́ àtíbàbà wa. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó fọwọ́ sí ẹ̀wà tí a fi àbùdá tuntun kún, kí kòkòrò tó ń lu èèpo ẹ̀wà lóko má baà lè jẹ ẹ́. Ọdún 2019 ni. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ dé ọjà, ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà bi mí pé: “Tíṣà, bí kòkòrò bá jẹ ẹ̀wà yìí tó kú, àwa tí a ó sè é jẹ ńkọ́?” Mo sọ fún un pé kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ṣàlàyé pé èròjà kan ni, tí a mú láti ara bakitéríà inú ilẹ̀, pé ó máa ń wọ ibì kan nínú ìfun kòkòrò náà bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ àgádágodo, ibẹ̀ ni yóò ti lu ìfun náà jálẹ̀, àti pé ìfun ènìyàn kò ní àgádágodo bẹ́ẹ̀, inú wa yóò kàn da èròjà náà bí ó ṣe ń da ẹran àti ẹyin ni. Ó mi orí. Ó wá béèrè èkejì: ta ló ni irúgbìn náà, ṣé ọkọ òun lè tọ́jú nínú rẹ̀ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, ta ló sì ń ṣọ́ ọ kó má baà ba ẹ̀wà ìbílẹ̀ jẹ́? Èyí kì í ṣe ìbéèrè tí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì lè dá dáhùn. Ẹ̀yin ló yẹ kó bi, ó sì yẹ kí ẹ wà níbẹ̀. Àwọn kan nínú yín lè rò pé ẹni tó bá béèrè báyìí ń bá sáyẹ́ǹsì jà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń béèrè ti ń ṣe sáyẹ́ǹsì ná.

6. Iná wà lórí òrùlé báyìí, kì í ṣe ti ìtàn nìkan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 kan náà ni ìròyìn tàn kálẹ̀ nípa òjé tó ń bà lé àwọn ará Ògijó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láti ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù. Ìyá tó ń gbé níbẹ̀ nílò kí a sọ fún un ní èdè rẹ̀ pé òjé kì í rùn, kì í ta ni lẹ́nu, pé ọpọlọ ọmọ kékeré ló ń kọ́kọ́ bà jẹ́, pé eruku ilẹ̀ àti ọwọ́ tí ọmọ ń kì bọ ẹnu ni ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Ní Ọ̀wọ̀ àti agbègbè rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ibà Lásà ń padà wá lọ́dọọdún ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó ń sá gààrí tàbí ẹ̀lùbọ́ sí etí títì sì ní láti mọ̀ pé ìtọ̀ eku lórí oúnjẹ náà lè pa odidi ilé kan. Ní ilé ìtọ́jú aláìsàn kan tí mo dé lọ́dún tó kọjá, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri nípa ibà yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó jókòó lábẹ́ rẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè kà á.

7. Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín nìwọ̀nyí, mo sì kọ wọ́n kí gbogbo ìlú lè gbọ́.

Àkọ́kọ́, kí ẹ gba àkọsílẹ̀ tí a fi fagi lé ìlànà èdè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ ṣe ń yẹ iṣẹ́ ara yín wò, kí ẹ sì gbé èrò yín jáde láàárín oṣù mẹ́fà. Bí ẹ bá rí i pé mínísítà jàre, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, èmi yóò sì gbà. Bí kò bá jàre, ẹ má fi bò.

Ìkejì, kí gbogbo ìkìlọ̀ tí ẹ bá fẹ́ kí ìlú gbọ́ lórí àjàkálẹ̀ àrùn, oúnjẹ, omi tàbí afẹ́fẹ́ máa jáde ní Yorùbá, Haúsá àti Ígbò ní ọjọ́ kan náà tó bá jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, ní ohùn tí a lè fi ránṣẹ́ lórí fóònù, nítorí pé orí fóònù ni irọ́ ń gbà wọlé. Kí ẹ sì pe àwọn tó ń sọ èdè yòókù láti wá ṣe ti wọn. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní owó ilé iṣẹ́ ìjọba. Ohùn ọ̀jọ̀gbọ́n kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí fóònù rẹ̀ kò gba owó púpọ̀.

Ìkẹta, kí ẹ pe Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Èdè Yorùbá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní èdè yòókù jókòó, kí ẹ jọ fi ẹnu kò lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí ìlú nílò jù, kí akọ̀ròyìn rédíò kan má baà pe nǹkan ní orúkọ kan lónìí, kí nọ́ọ̀sì pè é ní òmíràn lọ́la.

Ìkẹrin ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Kí olúkúlùkù yín padà sí ìlú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ó jókòó láàárín ọjà tàbí ní ààfin, kí ó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe ní èdè ìyá rẹ̀, kí ó sì dúró dáhùn ìbéèrè títí tí yóò fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ nínú yín la bí sí ilé tí Gẹ̀ẹ́sì kò sí, èdè yẹn náà ni ẹ fi kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ òjò, ibà àti irúgbìn. A kò rán yín níṣẹ́ tí ẹ kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìpàdé wa lábẹ́ àtíbàbà ni Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Mo ti sọ fún àwọn ìyá pé mo kọ̀wé sí yín, ìyá ẹlẹ́wà sì ní kí n má gbàgbé ìbéèrè òun kejì. Èsì yín tó bá wá ní Gẹ̀ẹ́sì, màá túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Tó bá wá ní Yorùbá, màá kà á sí wọn létí gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn.